Ẹyẹ Tí Kò Sí Ní Ifẹ̀

Nínú oṣù Kejìlá tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Brighton, nílùú Òyìnbó, fi fídíò kan ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí wa. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n yà á, létí òkun, lẹ́bàá afárá ìgbafẹ́ ńlá tó nà wọnú omi. Lókè afárá yẹn, nǹkan dúdú kan ń rìn lójú ọ̀run. Èéfín ni mo kọ́kọ́ pè é. Ó ṣù jọ bí òṣùṣù ọwọ̀, ó fẹ̀ bí ẹní, ó lọ́ bí aṣọ tí alágbàfọ̀ ń fún. Kí n tó mí lẹ́ẹ̀kan, ó ti ya sí méjì, ó tún ti papọ̀. Nígbà tó yá, gbogbo rẹ̀ ya wálẹ̀ sábẹ́ afárá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ìgbà tí wọ́n da àgbàdo sínú garawa. Ẹyẹ ni. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyẹ.

Mo gbé fóònù náà fún Màámi, tí wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n wò ó tán, wọ́n ní kí n tún un tẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n wò ó kí wọ́n tó dá a padà fún mi.

"Ẹ̀ga ni."

Mo ní, "Màámi, kì í ṣe ẹ̀ga o. Starling ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún."

"Kí wọ́n máa pè é bẹ́ẹ̀. Ẹyẹ tó bá pọ̀ tó báyìí, tó lè pariwo tó báyìí, tí kò sẹ́ni tó pè é wá, tí kò sì sẹ́ni tó lè lé e lọ, ẹ̀ga ni."

Wọ́n padà sídìí ẹ̀wà wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ náà, òun ló sì sọ mí di ẹni tó ń ka ìwé nípa ẹyẹ tí mi ò fojú rí rí.

Starling kì í dé Ifẹ̀. Lára àwọn alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tí à ń rí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn kan wà tó la aṣálẹ̀ Sàhárà já láti Yúróòpù kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ní Boje, ní Ìpínlẹ̀ Cross River, wọ́n máa ń sùn pọ̀ nínú koríko orí òkè, iye wọn a sì ju mílíọ̀nù kan lọ. Starling kò rin irú ìrìn yẹn. Bí òtútù bá le ní Rọ́ṣíà àti Poland, á sá wọ Britain, tàbí kó sọ̀ kalẹ̀ dé Morocco àti Algeria. Etí aṣálẹ̀ ló ti ń yí padà.

Ẹ̀gbọ́n mi bá mi ya ọ̀kan nítòsí. Ó bà sórí irin ẹ̀gbẹ́ afárá, ó ń wo ọ̀dùnkún díndín tí ẹnì kan mú lọ́wọ́. Kò tóbi, ó wúwo ju ẹyin adìyẹ kan lọ, kò tó méjì. Lókèèrè, dúdú ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi ìka méjì fẹ àwòrán náà lójú, dúdú yẹn sá lọ: ọrùn rẹ̀ ń tan àwọ̀ ewé, àyà rẹ̀ ń tan elésèé àlùkò, gbogbo rẹ̀ ń dán bí epo mọ́tò tó dà sórí omi òjò. Tó-tò-tó funfun sì kún ara rẹ̀ láti orí dé ìdí. Ẹtù ló wá sí mi lọ́kàn, ẹyẹ ẹtù àti aṣọ ẹtù bàbá mi tó ṣì wà nínú àpótí.

Ọ̀rọ̀ tó-tò-tó yẹn wù mí púpọ̀. Tí ìgbà ooru wọn bá ń parí lọ, starling á hu ìyẹ́ tuntun, ṣóńṣó ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan á funfun. Jálẹ̀ ìgbà òtútù, ṣóńṣó funfun yìí á máa jẹ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí àkókò àtigùn bá fi máa dé, tó-tò-tó á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ara rẹ̀ á máa dán, ẹnu rẹ̀ tó dúdú tẹ́lẹ̀ á sì ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ọsàn. Kò pààrọ̀ aṣọ. Aṣọ kan náà ni. Wíwọ̀ tó ń wọ̀ ọ́ ló sọ ọ́ di aṣọ òde.

Àwọn àgbà wa ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ í fò láì fara kanra. Fífẹ̀ ojú ọ̀run ni mo máa ń gbọ́ nínú òwe yẹn: àyè pọ̀, ká má bá ara wa dù ú. Àwọn ẹyẹ inú fídíò yìí kò wá àyè rárá. Wọ́n fi gbogbo ojú ọ̀run sílẹ̀, wọ́n há ara wọn mọ́ ibi kan ṣoṣo, síbẹ̀ wọn ò fara kanra. Àwọn onímọ̀ físíìsì kan ní Róòmù gbé kámẹ́rà sórí òrùlé nítorí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n ń ya àwọn starling tó ń sùn láàárín ìlú náà nígbà òtútù. Giorgio Parisi, tó wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ti físíìsì ní 2021, bá wọn ṣe iṣẹ́ yẹn. Ohun tí wọ́n gbé jáde ní 2008 ni pé ẹyẹ mẹ́fà tàbí méje tó sún mọ́ ọn jù ni ẹyẹ kọ̀ọ̀kan ń wò. Bí wọ́n bá yà, á yà. Kò sí èyí tó ń wo gbogbo agbo.

Ẹni tó bá ti há sáàárín èrò rí ní Ẹnuwá lọ́jọ́ Ọlọ́jọ́ mọ bó ṣe ń rí. O ò rí Ọọ̀ni, o ò rí onílù, èjìká tó wà lọ́tùn-ún rẹ àti lósì rẹ ni ò ń bá lọ, ẹsẹ̀ rẹ á sì gbé ọ dé ibi tí gbogbo ìlú ń lọ. Bí ojú ọ̀run Ifẹ̀ náà bá ṣú nírọ̀lẹ́, àwọn àdán inú Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ló ń ṣú u, nígbà tí wọ́n bá tú jáde lórí igi lọ wá èso jẹ. Wọ́n pọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ni wọ́n ń bá lọ, wọn kì í dúró jó.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́rọ̀ ẹ̀ga, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Màámi ti dùn mí.

Ọ̀pẹ kan wà níwájú ilé wa, lẹ́yìn Lágere. Kí wọ́n tó bí mi ló ti wà níbẹ̀, ẹ̀ga ló sì ni ín. Fèrèsé yàrá mi dojú kọ ọ́, nítorí náà mo mọ iṣẹ́ wọn dáadáa. Akọ ló ń kọ́lé. Á fi ẹnu gé etí imọ̀ ọ̀pẹ, á dì í mú, á fò, fífò yẹn ni yóò fi ya ewé náà gbọọrọ bí okùn. Á fi ẹsẹ̀ kan tẹ orí okùn mọ́lẹ̀, á fi ẹnu ti ìdí rẹ̀ bọ ojú ihò, á fà á yọ lódì kejì, á tún dá a padà. Nígbà tí ilé bá dé ojú àmì, á dorí kodò lábẹ́ rẹ̀, á máa gbọn ìyẹ́ pìpìpì, á máa pe abo kó wá wò ó. Bí abo bá wọlé, tó yẹ̀ ẹ́ wò, tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, tó sì bá tirẹ̀ lọ, akọ á tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Mo ti rí èyí tó tú ilé mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tó sì ń hun ìkẹrin lọ.

Aago mẹ́fà àárọ̀ ni ariwo ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹ̀ga ń fọ èdè rẹ̀, ẹ ní ó ń pàtótó. Èmi náà ní ó ń pàtótó. Ní 2019, a fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin síwájú ilé, ọ̀pẹ yẹn sì dúró sí ojú ibi tí a fẹ́ lò. Èmi ni mo pe ẹni tó wá gbé ẹ̀rọ gé e, èmi ni mo sanwó. Kò gbà tó ogún ìṣẹ́jú. Ilé ẹ̀ga tó bá a ṣubú lé ní ọgọ́ta. Mo kà wọ́n níkọ̀ọ̀kan torí mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe. Ọmọ wà nínú àwọn kan, ìyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lára wọn. Àwọn ẹ̀ga tó fò sókè ò lọ. Ibi tí orí ọ̀pẹ wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń yí po, ní ìwọ̀n gíga kan náà, bí ẹni pé igi náà ṣì wà níbẹ̀, títí ilẹ̀ fi ṣú.

Lọ́jọ́ kejì, aago mẹ́jọ ni mo jí. Màámi ti wà níta, wọ́n káwọ́ lẹ́yìn.

"Ilé yìí dákẹ́ jù," ni wọ́n sọ. Wọn ò tún mẹ́nu bà á mọ́ títí di ọjọ́ tí wọ́n rí fídíò yẹn.

A fi gíláàsì ńlá sójú ṣọ́ọ̀bù tó wà ní ìpẹ̀kun. Lówùúrọ̀, bí oòrùn bá kọjú sí i, gbogbo ojú ọ̀run ló máa ń wà nínú rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, mo gbọ́ gbì! Nígbà tí mo jáde, ẹyẹ kan wà nílẹ̀, ó la ẹnu, ó ń mí kíákíá. Mo mọ̀ ọ́n. Ó máa ń wá pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sórí igi ọ̀dán àdúgbò wa tí ọ̀dán bá so. Ẹyẹ dúdú lásán ni mo kà á sí ní gbogbo ọjọ́ ayé mi. Mo gbé e sínú àtẹ́lẹwọ́, mo sì rí i pé kò sí dúdú kankan lára rẹ̀. Elésèé àlùkò ni orí àti àyà rẹ̀, ìyẹ́ apá rẹ̀ ń ṣe àwọ̀ ewé, bí mo bá yí ọwọ́ díẹ̀, ó di àwọ̀ aró. Ojú rẹ̀ pọ́n bíi pupa ẹyin, kò ṣẹ́ ẹ, ó ń wò mí. Ọkàn rẹ̀ ń lù sí mi ní àtàǹpàkò kì-kì-kì. Purple glossy starling ni ìwé àwọn onímọ̀ ẹyẹ ń pè é. Ìdílé kan náà ni òun àti starling Òyìnbó tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bọ̀. Ìbátan ẹyẹ Brighton ti wà lórí igi ọ̀dán wa látijọ́, mi ò kí i rí.

Màámi tẹ̀ síwájú wò ó. Wọ́n ní, "Agbe ló laró, àlùkò ló losùn, lékeléke ló lẹfun. Ta ló wá ni eléyìí?"

Kí n tó dáhùn, ó ta gìrì, ó fò. Ìró apá rẹ̀ dún bí ìgbà tí wọ́n ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀.

Ó dùn mọ́ mi nínú nígbà tí mo kà pé ẹnì kan ti ṣọ̀fọ̀ starling rí. Mozart, olórin ńlá nì, ra ọ̀kan ní Vienna ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún, 1784. Ó kọ iye tó rà á sínú ìwé ìnáwó rẹ̀, ó sì kọ orin tí ẹyẹ náà ń sú sínú ìwé kan náà. Orin Mozart fúnra rẹ̀ ni, èyí tó parí nínú oṣù Kẹrin ọdún yẹn. Ẹyẹ náà kàn yí i padà díẹ̀ ni. Mozart kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó dára. Nígbà tí ẹyẹ yìí kú ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà, 1787, ó sin ín sínú ọgbà, ó sì kọ ewì fún un. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni bàbá rẹ̀ fi ṣáájú ẹyẹ náà kú. Ẹni tó bá ti gbé ilé tí odídẹrẹ́ ti ń fi ohùn ìyá àgbà tó ti lọ pe àwọn ọmọ wá jẹun, kò ní béèrè ohun tó ń ṣe Mozart.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ò ní irú ìfẹ́ yẹn sí i. Ní 1890, Eugene Schieffelin tú nǹkan bí 60 sílẹ̀ ní Central Park, ní New York, ó tún tú 40 sí i lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Lónìí, ọ̀pọ̀lọpọ̀ mílíọ̀nù ló wà láti Alaska dé Mexico. Wọ́n ń gba ihò mọ́ àwọn ẹyẹ onílẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n ń jẹ oko olóko. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá, 1960, agbo starling kó sínú ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀ òfurufú kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra ní Boston, èèyàn 62 sì kú. Ẹni tí èèyàn rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ yẹn, mi ò lè sọ pé kó fẹ́ràn ẹyẹ yìí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kì í ṣe ẹyẹ náà ló pinnu àtilọ sí Amẹ́ríkà. Inú àgò ni wọ́n gbé e dé ibẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ẹyẹ yín yìí ò lè tán láéláé, mo gbà pé òótọ́ ni mò ń sọ. Wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Wọ́n ní ó ti ń tán. Láti 1979, àjọ RSPB, tó ń dáàbò bo ẹyẹ, máa ń rọ àwọn ará Britain pé ní òpin ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn nínú oṣù Kìíní, kí olúkúlùkù jókòó fún wákàtí kan, kí ó ka ẹyẹ tó bá bà sínú ọgbà rẹ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́, starling ló pọ̀ ju gbogbo wọn lọ, nǹkan bí 15 sí ọgbà kan. Láti ìgbà náà, ó ti dín kù ju ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá lọ. Wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ẹyẹ tí ọ̀rọ̀ wọn le jù. Kòkòrò abẹ́ koríko tó ń jẹ ti ṣọ̀wọ́n, àwọn ihò abẹ́ òrùlé àtijọ́ tó ń yé sí ni wọ́n sì ń dí bí wọ́n ti ń tún ilé ṣe. Àlejò láti ìlà-oòrùn Yúróòpù pọ̀ nínú agbo tí mo rí nínú fídíò. Àwọn onílé ti dín.

Mo gbọ́ ohùn yẹn tán, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Igún ni mo rántí.

Nígbà tí mo wà ní pámárì, kò sẹ́ni tó ń wá igún kiri. Ní odò ẹran, wọ́n á tò sórí páànù bí àgbààgbà tó wá sí ìpàdé, wọ́n á ká ọrùn sínú ìyẹ́, wọ́n á máa wo ọwọ́ alápatà. Bí ìfun bá bọ́ sílẹ̀, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á máa fò tọ̀-tọ̀-tọ̀ bí arúgbó tí òjò ká mọ́ ìta. Wọ́n wà lórí ààtàn. Wọ́n wà lórí àràbà. Mi ò rántí pé mo tẹjú mọ́ ọ̀kan rí. Mi ò sì lè sọ ọjọ́ tí mo rí èyí tó kẹ́yìn, ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn nínú gbogbo ohun tí mò ń kọ yìí. Ọjọ́ kan wà tí mo kọjá lábẹ́ igún tó kẹ́yìn tí n óò rí ní Ifẹ̀, tí mi ò gbójú sókè.

A kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọrí. Àwọn baba wa wí i gbangba, ọ̀rọ̀ wọn sì ṣọ́ ẹyẹ náà fún ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n ń pa á báyìí. Wọ́n ń ta orí rẹ̀, wọ́n ń ta ìyẹ́ rẹ̀ fún oògùn. Májèlé tí wọ́n dẹ sílẹ̀ fún ẹranko mìíràn ń pa á pẹ̀lú, torí òkú ẹran ni oúnjẹ rẹ̀. Igi ńlá tó lè gba ìtẹ́ rẹ̀ ń tán, ẹyin kan ṣoṣo ló sì ń yé. Ní 2015, àjọ IUCN, tó ń ṣàkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀dá tó fẹ́ run, kó igún tiwa tó ń gbé àárín ìlú yìí sí ìpele tó kẹ́yìn kí ẹ̀dá tó pòórá nínú igbó. Síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ tó kọjá yìí, níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Mọ̀ọ̀rẹ̀, bàbá àgbàlagbà kan súre fún ọmọ náà pé igún kì í kú léwe, kò ní kú léwe. Gbogbo wa ṣe àmín. Ohùn tèmi wà níbẹ̀. Mo wo ọmọ náà, mo rò ó pé bóyá nínú ìwé nìkan ló máa ti rí igún.

Àwọn kan ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹyẹ nílé, ó yẹ kí n sọ ìyẹn. Ní Jos, ilé ìwádìí ìmọ̀ ẹyẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní APLORI. Ètò kan sì wà tó pín ilẹ̀ Nàìjíríà sí igun mẹ́rin-mẹ́rin kéékèèké, kí ẹni tó bá mọ ẹyẹ lè fi fóònù rẹ̀ kọ ohun tó rí ní igun kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Mi ò tíì mọ ẹyẹ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ iwájú ilé wa.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi jókòó sójú fèrèsé wọn lópin oṣù Kìíní, èmi àti Màámi gbé àga síta. Ọyẹ́ mú, oòrùn funfun bí oṣù. Mo mú ìwé ẹkisasáìsì kan àti bírò. Àdàbà mẹ́rin kọ́kọ́ bà sórí ògiri. Ẹyẹlé aládùúgbò jẹ́ mọ́kànlá. Mo ní wọn ò yẹ ní kíkà torí wọ́n ní olówó, Màámi ní ẹyẹlé tí í bá onílé jẹ, tí í bá onílé mu, òun ló yẹ kí n kọ́kọ́ kọ. Mo kọ ọ́. Àwọn ológoṣẹ́ wà nídìí ìrẹsì tó dà sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, wọn ò dúró jẹ́ kí n kà wọ́n tán. Lékeléke méje kọjá lókè lọ sí apá Òpá. Ẹyẹ elésèé àlùkò kan bà sórí ọ̀dán, ó tún lọ. Ní nǹkan bí aago méje àbọ̀, ẹ̀ga méjì bà sórí wáyà iná, lọ́gangan ibi tí ọ̀pẹ wà. Ọ̀kan fi ẹnu gbé ewé gbọọrọ kan. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó gbé ewé náà fò lọ. Èmi àti Màámi kò wo ojú ara wa.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, "Igún ńkọ́?"

"Kò sí, Màámi."

"Kọ ọ́."

"Kí ni kí n kọ?"

"Kọ orúkọ rẹ̀."

Mo kọ igún. Mo kọ òdo sí iwájú rẹ̀. Wọ́n gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n wo ìlà yẹn fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó dá a padà. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án kí wákàtí pé. Wọ́n fa ìborùn wọn mọ́ra, wọ́n tún gbójú sókè.